Bí Akíka Bá Ká Jọ Síwájú Yín Lóko
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ará ilé, agbègbè Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí oko yín bá igbó ìjọba pààlà, ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lọ́jà Olúwo, ọ̀rọ̀ akíka la bá wá.

Ẹtu ń sá. Ọ̀yà ń sá. Akíka kì í sá. Bó bá ti fura, ṣe ló máa ká jọ rúbútú, á ki orí bọ inú, á wá kọ ìpẹ́ síta. Ẹranko eléyín mímú á yí i síwá sẹ́yìn títí, á sú u. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé e sínú àpò. Bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, ìdí ìrù ìyá lọmọ náà sì máa ń dì mọ́ kiri. Ẹni tó bá gbé ìyá lè ti gbé méjì. Kì í ṣe bí ọ̀yà tó ń bí mẹ́rin, márùn-ún.

Èèrà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀, ikán kan náà tó ń jẹ iṣu yín nínú ebè. Òru ló ń jáde. Lọ́sàn-án, ó lè wà nínú ihò igi. Nítorí náà, igi gbígbẹ tó ní ihò létí igbó, ẹ má gé e. Bó bá di dandan kí ẹ sun oko, ẹ ro etí rẹ̀ yíká kí iná má baà ràn wọgbó, ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ tí ọyẹ́ ń fẹ́. Tàkúté wáyà ni ká má tiẹ̀ dẹ rárá, kò mọ ẹran tí à ń wá.

Bí ẹ bá bá a lóko, ẹ yà fún un. Bí ibẹ̀ bá ti pa rọ́rọ́, á tú ara rẹ̀. Bó bá fara gbọgbẹ́, ẹ gbé e sínú agbọ̀n, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ gbé e síbi tó tutù, kí ajá àti ọmọdé má débẹ̀, kí ẹ sì ké sí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba lọ́jọ́ náà. Ẹ má fún un ní búrẹ́dì tàbí ẹ̀bà. Ẹ má sìn ín. Ìbẹ̀rù àti àìróúnjẹ jẹ ló sábà ń pa á nílé.

Ìpẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣe oògùn ńkọ́? Ohun tí wọ́n fi dá èékánná yín náà ni wọ́n fi dá a. Ẹ̀yin bàbá oníṣègùn, ẹ má bínú sí wa. Lọ́dún 2021, kọ́sítọ́ọ̀mù gba ìpẹ́ tó lé ní tọ́ọ̀nù 17 ní Lẹ́kì, bẹ́ẹ̀ ìpẹ́ ara akíka kékeré tiwa yìí ò tó kílò kan. Ẹ ṣírò rẹ̀. Láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan ní Johannesburg pé kẹ́nikẹ́ni má ṣòwò ẹ̀yà akíka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọjá ààlà mọ́. Òfin tiwa lórí ẹranko tó fẹ́ run sì ti wà láti 1985.

Bí ọdẹ bá gbé ààyè rẹ̀ wá sídìí àtẹ yín, ẹ má rà á, kódà kó jẹ́ pé àánú ló ṣe yín, torí owó yẹn ló máa fi ra wáyà mìíràn. Ẹ ní kó gbé e padà síbi tó ti rí i, lálẹ́ ọjọ́ náà.