Ọjọ́ Méjì Tí Mo Fi Yẹ Àwòrán Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Girama Wò

Nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n wá ṣe adájọ́ níbi ìdíje àwòrán tó wáyé láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn, mo rò pé iṣẹ́ òwúrọ̀ kan péré ni. Ọjọ́ méjì gbáko ni ó gbà wá, èmi àti àwọn adájọ́ méjì yòókù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà, mo sì ti mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi lọ sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ tó gbé iṣẹ́ wá ń rí yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ẹni tí yóò gbé e sórí ìwọ̀n ń rí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é, pàápàá fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n lè pè sí irú iṣẹ́ yìí.

Àkòrí tí wọ́n fún àwọn ọmọ ni "Ọjà Àdúgbò Mi", òfin sì sọ pé ohun tí ọmọ bá fi ojú ara rẹ̀ rí ni kí ó yà. Iṣẹ́ 71 ni ó wọlé. Kò sí orúkọ ọmọ tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ lójú ọ̀kankan nínú wọn. Nọ́ńbà nìkan ni ó wà lẹ́yìn wọn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ronú kan ìyẹn. Àmọ́ wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a ya àwọn tí a fi pẹ́ńsù, èédú àti báírò yà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí a fi ọ̀dà kùn, nítorí pé ọmọ tó ní ìlà àti òjìji nìkan lọ́wọ́ kò lè bá ọmọ tó ní àwọ̀ lọ́wọ́ du ipò kan náà. Àwọn yíyà jẹ́ 43, àwọn kíkùn jẹ́ 28.

A tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé gbọ̀ngán, a sì pa iná mànàmáná, torí pé iná máa ń yí àwọ̀ padà lójú ẹni. Ní ìrìn àkọ́kọ́, a kò mú báírò lọ́wọ́ rárá. A kàn ń rìn láàárín àwọn iṣẹ́ náà, a sì ń jẹ́ kí wọ́n pè wá fúnra wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe kan tó dùn mí. Àwọn tó kó iṣẹ́ jọ ti to àwọn àwòrán èédú léra wọn láìfi bébà kankan sí àárín. Èédú kì í lẹ̀ mọ́ bébà bí ọ̀dà. Bí a kò bá fọ́n ohun tí yóò mú un dúró sí i lára, ìka lásán tó láti nù ún kúrò. Mẹ́ta nínú wọn ti fi ara ra ara wọn débi pé ojú àwọn ènìyàn inú wọn ti di èéfín. Mo gbé bébà tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, àmì èédú tó ti gbà mọ́ ibẹ̀ ni mo sì fi mọ bí ìlà ọmọ náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. A fẹnu kò pé a kò ní yọ máàkì kankan lọ́wọ́ ọmọ fún ohun tí àgbà bàjẹ́.

Nínú 100 máàkì, a ya 30 sọ́tọ̀ fún ìwòye, 25 fún ìtò àwòrán lójú bébà, 25 fún ìlò ohun èlò, 20 fún èrò. Ìwòye ni mo fẹ́ràn jù láti yẹ̀ wò, ohun kékeré ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wá níbẹ̀: ẹnu kóńgò gàrí. Ẹni tó bá jókòó ti kóńgò ní tòótọ́ yóò rí i pé ẹnu rẹ̀ kò rí róbótó láti ẹ̀gbẹ́. Ńṣe ni ó máa ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀, bí kóńgò bá sì ti ń ga sún mọ́ ojú ẹni ni yóò máa tín-ín-rín sí i, títí yóò fi di ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ya ẹnu rẹ̀ ní róbótó, tí wọ́n sì ya ìdí rẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa kóńgò ni wọ́n yà.

Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, tẹnu mọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Èkó, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Mr Perspective, ìyẹn ni ọ̀gá yíya nǹkan bí ó ṣe rí lójú ẹni láti ibi tí èèyàn wà. Kenneth Murray, olùkọ́ òyìnbó tó dé ní 1927 lẹ́yìn tí Onabolu ti bẹ ìjọba fún olùrànlọ́wọ́, tẹnu mọ́ nǹkan mìíràn, pé kí ọmọ máa ya ìgbé ayé ìlú tirẹ̀. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Ben Enwonwu wà lára wọn, sì dé Zwemmer Gallery, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní London, ní 1937. Méjèèjì ni mo ń wá pọ̀ nínú iṣẹ́ ọmọ kan ṣoṣo, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré ni mo ń béèrè.

Nọ́ńbà 19 ni ó fa àríyànjiyàn jù. Ìyá aláta kan ni wọ́n fi pẹ́ńsù yà, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka òwú gèlè rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ fún un ní ipò kìíní lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí a dúró ná. Ọwọ́ tí ìyá náà nà síwájú tóbi ju orí rẹ̀ lọ, bí kámẹ́rà fóònù ṣe máa ń sọ ohun tó bá sún mọ́ ọn di ńlá, àwọn ìlà onígun mẹ́rin tí ọmọ náà fi ìrésà pa sì ṣì hàn fírífírí lábẹ́ òjìji. Ó jọ pé ara fọ́tò ni wọ́n ti wò ó yà. A pinnu láti pe àwọn mẹ́wàá tó ṣíwájú ní ẹ̀ka yíyà lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n yà lójú wa. A gbé ìkòkò amọ̀, igbá kan àti ata rodo mẹ́ta sórí tábìlì, a sì fún wọn ní bébà A3 àti ogójì ìṣẹ́jú.

Ọmọbìnrin tó ni nọ́ńbà 19 ya ìkòkò náà dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì tọ̀nà. Nígbà tí mo bi í léèrè nípa iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Wọn ò jẹ́ kí n jókòó sínú ọjà, ni mo bá tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá yẹn, mo ya fọ́tò wọn." Mo ní kí ó dìde, pé kò sí ìbínú níbẹ̀. A dín máàkì ìwòye rẹ̀ kù, a kò fọwọ́ kan ìyókù, ó sì ṣe ipò kẹta. Nọ́ńbà 62 ló gba ipò kìíní: obìnrin tó ń dín àkàrà, tí a fi èédú yà. Kò fi èédú ya èéfín tó ń ru lókè agbada. Ìrésà ni ó fi fa èéfín náà yọ láti inú dúdú tó ti tẹ́ sílẹ̀. Mo dúró pẹ́ níwájú iṣẹ́ yẹn.

Ní ẹ̀ka kíkùn, ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù ni ọ̀dà dúdú. Wọ́n ń bù ú láti inú ike tààrà lọ sí ibi òjìji, abẹ́ agbòòrùn sì wá rí bí ihò. Ọmọ kan ṣoṣo ló po àwọ̀ aró mọ́ pupa díẹ̀, tí òjìji abẹ́ agbòòrùn rẹ̀ fi tutù lójú bí ó ṣe máa ń rí lọ́sàn-án gangan. Òun la fún ní ipò kìíní. Bébà àwọn tó lo ọ̀dà olómi ti ká kò, nítorí pé wọn kò kọ́kọ́ rẹ bébà sómi, kí wọ́n lẹ etí rẹ̀ mọ́ pákó, kí ó sì gbẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ló yẹ kí ó fi ìyẹn hàn wọ́n.

Ohun tó gba àkókò wa jù kò sí nínú òfin ìdíje. Mo rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kí a kọ gbólóhùn méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí ohun tó ṣe dáadáa, ọ̀kan lórí ohun tí ó lè tún ṣe, kí a sì fi pín-ìn-nì há a mọ́ igun bébà. Mo ti rí ọmọ tó gba iṣẹ́ rẹ̀ padà láìsí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀, tí kò sì tún mú pẹ́ńsù mọ́. Ìwé pélébé 71 ni a kọ. Nígbà tí a parí, mo rán ẹnì kan lọ ra ìwé ìròyìn àtijọ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fi ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí àárín àwọn àwòrán èédú kí wọ́n tó gbé wọn sínú ọkọ̀.