Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì Láti Máa Kọ Àkọsílẹ̀ Aláìsàn Sórí Tábúlẹ́ẹ̀tì

Nọ́ọ̀sì méjìlá ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n lè kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa lo tábúlẹ́ẹ̀tì dípò ìwé ńlá tó ti mọ́ wọn lára. DHIS2, ètò orí ẹ̀rọ fún àkọsílẹ̀ ìlera tí Yunifásítì Oslo ní Norway ń ṣe àbójútó rẹ̀, ni a lò, nítorí pé ó lè tọ́jú ohun tí nọ́ọ̀sì bá kọ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì títí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fi dé.

Lọ́jọ́ kìíní, mo fi wákàtí méjì ṣàlàyé gbogbo bọ́tìnì, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta péré ló lè fi orúkọ aláìsàn kan sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí ìwé ńlá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, a sì jọ ń wá ibi tí orúkọ, ọjọ́ orí, ìwọ̀n ooru ara àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bọ́ sí lójú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dunjú ni wọ́n tún rí níbẹ̀, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Àgbà nọ́ọ̀sì kan, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kò fọwọ́ kàn án síbẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá wọn jókòó, wọ́n ní bí àwọn bá ṣi nǹkan kọ sínú ìwé, àwọn lè fa ìlà sí i kí àwọn sì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbèjà àwọn bí ẹ̀rọ bá gbé àṣìṣe àwọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá? Ọ̀rọ̀ yìí ló yí ẹ̀kọ́ mi padà. Mo dá aláìsàn àfidánrawò sílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kọ. Ẹ̀rọ náà kọ̀ láti gba ìwọ̀n ooru 375, nítorí pé a ti fi ààlà sí iye tó lè gbà; ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ kílò 75 fún ẹni tó wọn kílò 57, ó gbà á láìjanpata. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ojú nọ́ọ̀sì ṣì ni alábòójútó, a sì fi odidi ọ̀sán kọ́ bí a ṣe ń tún àkọsílẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù kò gba àkókò púpọ̀. Wọ́n ń yá ara wọn lò, títí mo fi fi orúkọ nọ́ọ̀sì kan hàn wọ́n lára ìfúnpá tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí kò wá síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, íntánẹ́ẹ̀tì kò sí láti àárọ̀. Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, Màmá ka àkọsílẹ̀ tó ti lọ, wọ́n sì fi wé ìwé: 31 lójú ẹ̀rọ, 31 nínú ìwé. Wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n sì fà á lé mi lọ́wọ́.