Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Tí A Dìbò Yàn sí Káńsù ní Gúúsù Kwara

Ní àwọn ìlú wa kéékèèké, olùkọ́, oníṣòwò, àgbẹ̀ àti télọ̀ ni a sábà máa ń dìbò yàn sípò kánsẹ́lọ̀, èyí sì dára, nítorí pé ẹni tí ó mọ òjò tí ó ń pa ará ìlú ni ó yẹ kí ó ṣojú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí a dìbò yàn ní ìpínlẹ̀ Kwara ní 21 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024 kò bá kánsẹ́lọ̀ kankan tí a dìbò yàn lórí àga tí wọn ìbá bi léèrè bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, torí pé oṣù Kọkànlá ọdún 2017 ni ìdìbò káńsù tí ó ṣáájú rẹ̀ ti wáyé. Ẹ̀kọ́ nìkan ni ó kù tí wọ́n lè gbójú lé. Ọ̀nà tí a sì ń gbà ṣètò ẹ̀kọ́ yìí ní ìjọba ìbílẹ̀ méjèèje tí ó wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ wa, ìyẹn Èkìtì, Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Ọ̀fà, Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Ọ̀yún, ní àwọn àṣìṣe nínú tí ó ń pa ará ìlú lára. Mo kọ èyí fún àwọn tí ó wà lórí àga lónìí, àti fún àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí ọ̀rọ̀ wọn lè wọ àwọn aṣojú wọn létí.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí a máa rò pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí a ṣe lẹ́yìn ìbúra ti tó fún gbogbo sáà. Òfin tí ó de iṣẹ́ káńsù kì í dúró lójú kan. Ní 1 oṣù Kẹfà, ọdún 2019 ni àṣẹ àjọ NFIU, tí ó ń ṣọ́ bí owó ṣe ń rìn ní ilé ìfowópamọ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà, pé owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà jáde lọ́wọ́ lójúmọ́ kan kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ní 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ tààrà fún un, àti pé gómìnà kò ní àṣẹ láti tú káńsù tí a dìbò yàn ká kí ó sì fi ìgbìmọ̀ onífìdíhẹ kún ipò wọn. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, tí Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó-orí tuntun mẹ́rin. Káńsù tí ó kàwé kẹ́yìn ní ọjọ́ tí ó búra, tí kò sì tún jókòó láti bi ara rẹ̀ pé kí ni àwọn òfin wọ̀nyí yí padà nínú owó-òde tí òun ń gbà, ń fi ohun tí ó ti kọjá ṣèjọba ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí èyí ti máa ń hàn síta. Ọkọ̀ kan kó màlúù láti ọjà ẹran Àjàsẹ́-Ìpo, ó gba ojú títì bọ̀, ó sì bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbé pákó onísòó sójú ọ̀nà, tí wọ́n mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, tí wọ́n ní káńsù ni ó rán àwọn. Òfin tí ó to owó-orí àti owó-òde fún ìpele ìjọba kọ̀ọ̀kan, tí ó ti wà láti ọdún 1998, ti sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dínà lójú pópó láti gba owó-orí. Kánsẹ́lọ̀ tí kò mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà yóò máa gbèjà àwọn ọmọ náà nígbà tí awakọ̀ bá fẹjọ́ sùn, yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òun ni òun ń jà fún. Ọkàn rẹ̀ lè mọ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ náà yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà lọ́jọ́ mìíràn, ọjà ni yóò sì fojú winá rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni kí gbogbo ètò ẹ̀kọ́ dá lé orí alága nìkan. Alága ni a máa ń pè sí Ìlọrin àti Àbújá, alága ni ó ń gba ìwé, kánsẹ́lọ̀ sì ń dúró sílé de ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀ ni aṣòfin káńsù, àwọn ni ó ń fọwọ́ sí àbá ìṣúná, àwọn ni ó sì yẹ kí ó máa wo bí alága ṣe ń náwó. Bí wọn kò bá lóye ohun tí a gbé síwájú wọn, kò sí ẹlòmíràn nínú káńsù tí òfin fún ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Mo ti rí ìjókòó tí a ti ń ka àbá ìṣúná. Ìwé náà nípọn, wọ́n sì pín in ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Akọ̀wé ka orí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣíwájú ilé béèrè àwọn tí ó fara mọ́ ọn, gbogbo ilé dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ó lu tábìlì, a sì ṣí ojú ìwé mìíràn. Kò sí ẹni tí ó dúró lórí òpó nọ́ńbà tí ó sọ iye tí a rí gbà ní ti gidi ní ọdún tí ó kọjá. Òpó yẹn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ́ kánsẹ́lọ̀ láti wò. Bí àbá bá sọ pé owó ọjà àti ti ibùdókọ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po márùn-ún èyí tí ó wọlé lésìí, tí a kò sì sọ ohun tuntun tí a fẹ́ ṣe láti rí i gbà, a ti bu omi sí ìṣúná náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó náà kò bá wá, iṣẹ́ àwọn wọ́ọ̀dù kéékèèké ni a máa ń kọ́kọ́ gé kúrò. Kánsẹ́lọ̀ tí ó bá lọ béèrè ní oṣù Kẹjọ pé kí ló dé tí kànga-ẹ̀rọ wọ́ọ̀dù òun kò tíì bẹ̀rẹ̀ yóò gbọ́ pé owó kò tó. Ó sì ti fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ ní oṣù Kejìlá.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a fi gbogbo ìmọ̀ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. "Ọ̀gá akápò mọ̀ ọ́n" ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. Òótọ́ ni pé akápò mọ iṣẹ́, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, nítorí òun kì í ṣe ẹni tí ìlú dìbò yàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́: lẹ́yìn àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1976, yunifásítì Ifẹ̀, ti Zaria àti ti Nsukka ni a yàn láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ káńsù. Àwọn tí a dìbò yàn, tí wọ́n ń ṣàkóso àwọn òṣìṣẹ́ kan náà, kò ní irú ètò tí ó dúró ṣinṣin bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó ń bí àìdọ́gba tí a ń rí: ọ̀gá kò mọ ohun tí ọmọ-abẹ́ rẹ̀ ń ṣe, kò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Yíyẹ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wò kò sì le tó bí a ṣe rò. Ẹ gbé fáọ́ṣà kan, ìyẹn ìwé tí a fi ń san owó jáde, lé ọwọ́ kánsẹ́lọ̀, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi ojú wá: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí a kọ ọ́, orúkọ ẹni tí a san owó fún, orí ìnáwó tí ó wà nínú ìṣúná tí a ti yọ owó náà, àti ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni kí ó ṣí ohun tí a so mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ owó ọjà tí a rà, ìwé tí ó fi hàn pé ẹrù dé sítọ́ọ̀ gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ìwé ẹ̀rí pé a ti lọ wo iṣẹ́ náà tí ó sì parí gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Fáọ́ṣà tí kò ní ohunkóhun lẹ́yìn yẹ kí ó mú ìbéèrè wá lójú ẹsẹ̀. Gbogbo èyí wà nínú ìwé ìlànà ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ tí a ń pè ní Financial Memoranda, tí ó yẹ kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ olúkúlùkù kánsẹ́lọ̀. Ọ̀sán kan ti tó láti kọ́ ènìyàn ní fáọ́ṣà, bí a bá fi fáọ́ṣà gidi kọ́ ọ.

Èyí mú mi dé orí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ di ìrìn-àjò afẹ́. A gba hòtẹ́ẹ̀lì sí ìlú tí ó jìnnà, a ta bánà sí ẹnu ọ̀nà, olúkúlùkù fọwọ́ sí ìwé ní àárọ̀, ó gba báàgì àti bírò, a ya fọ́tò, owó ìrìnnà sì bọ́ sí àpò. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, àga ti ṣófo. Àkòrí ẹ̀kọ́ náà sì máa ń gbòòrò bí òfuurufú: ìdarí, ìran tuntun, ìyípadà rere. Bẹ́ẹ̀, àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjà àti ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, odò ẹran wà níbẹ̀, itẹ́ òkú wà níbẹ̀, pẹ̀lú kíkó ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ, àti kíkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sínú ìwé. Àkòrí wo ni a tún ń wá kiri?

Èdè náà jẹ́ àṣìṣe kan tí a kì í kà sí, mo sì gbà pé ó wà lára èyí tí ó burú jù. Ní gúúsù Kwara, Yorùbá ni a fi ń ṣe ìpàdé ìlú, òun ni a fi ń parí ìjà ilẹ̀, òun náà ni kánsẹ́lọ̀ fi tọrọ ìbò. Ṣùgbọ́n bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ yóò máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wúwo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà tí ó jókòó yóò sì máa mi orí. Ẹni tí ó lè sọ iye ọdún tí ilẹ̀ ìdílé kan ti wà lọ́wọ́ ta ni, pẹ̀lú ààlà rẹ̀, láìwo ìwé, kò ya òpè. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé ìṣúná fún un, kí ẹ sì rí irú ìbéèrè tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ti ìgbéraga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Alága tí ó bá ń bẹ̀rù pé ojú òun yóò wálẹ̀ bí òun bá jókòó ti akọ̀wé láti kẹ́kọ̀ọ́ yóò máa fọwọ́ sí ohun tí kò yé e, ọjọ́ tí ayẹ̀wéwò, ìyẹn ẹni tí ó ń yẹ ìwé owó wò, bá dé, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò bá níbẹ̀.

Àṣìṣe tí mo fẹ́ fi kún un ni dídúró de ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí Àbújá yóò pe ìpàdé. Láti Ọmù-Àrán sí Òwù-Ìsin tàbí sí Ìlọfà kò jìnnà tó ohun tí káńsù mẹ́ta kò fi lè pa owó pọ̀ kí wọ́n pe olùkọ́ kan láti yunifásítì Ìlọrin tàbí akápò àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìntì, kí wọ́n sì jókòó nínú gbọ̀ngàn káńsù tiwọn fún ọjọ́ kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìwé tí wọn yóò fi kẹ́kọ̀ọ́ ti wà nílẹ̀ fún wọn: àwọn ìbéèrè tí ayẹ̀wéwò àgbà fún ìjọba ìbílẹ̀ fi ránṣẹ́ sí káńsù wọn. Ibi tí káńsù ti ṣì í ní ọdún tí ó kọjá wà nínú rẹ̀, ó sì wúlò ju ìwé tí àlejò gbé wá lọ. Kí ọ̀kan nínú àwọn ìjókòó wọ̀nyí bọ́ sí oṣù Kẹwàá, kí àbá ìṣúná tó dé iwájú ilé, kí a sì fún kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà àbá náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí a ó kà á, kí ó lè gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ó sì ka apá tí ó kàn wọ́n sí àwọn ará ìlú létí.