Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Irúgbìn Ẹ̀wà àti Sóyà Kí A Tó Gbìn Ín

Kí ẹ tó náwó sórí oògùn, ẹ dán irúgbìn wò ná. Ẹ ka hóró 100 sórí aṣọ tútù, ẹ ká a, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún, bí èyí tó hù kò bá tó 80, ẹ wá irúgbìn mìíràn. Oògùn kì í jí òkú hóró. Sóyà gan-an ló yẹ ká ṣọ́, torí ooru inú yàrá tètè ń pa á.

Fún ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ tọ́jú di ìgbà òjò, ẹ po eérú gbígbẹ tí iná ti kú lára rẹ̀, tí a sì ti jọ̀, mọ́ ọn, kóńgò 3 sí ẹ̀wà kóńgò 4, kí ẹ sì tún fi eérú bo orí rẹ̀. Òróró ẹ̀pà náà dára, mílílítà 5 fún kílò kan. Kì í jẹ́ kí ẹyin kòkòrò pa. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, hóró kò ní rí omi fà, èyí tí yóò hù á sì dínkù. Dongoyaro gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná ń lé kòkòrò. Àmọ́ inú àká ni gbogbo wọn ti mọ iṣẹ́ jù. Nílẹ̀ tí omi ń dúró sí, tí irúgbìn ti ń jẹrà, eérú kò ní gbà yín.

Ibẹ̀ ni oògùn òyìnbó ti wúlò. Apron Star 42 WS ní apakòkòrò àti oògùn àrùn ìjẹrà nínú. Ọ̀rá gíráàmù 10 ló wà fún kílò 4. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú. Ẹ da irúgbìn sínú ike olómọrí, ẹ wọ́n omi díẹ̀ kí ara rẹ̀ kàn rin, kí ẹ tó da oògùn sí i. Bí omi bá ń kán nísàlẹ̀, èèpo sóyà á wú, á sì bó. Ẹ mì í títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pupa dọ́gba, ẹ sá a sí ìbòòji. Ìyókù kò gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò ọbẹ̀, adìẹ kò sì gbọ́dọ̀ ṣà á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni inoculant sóyà, bíi NoduMax tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣe, gíráàmù 100 fún kílò 10 sí 15. Bakitéríà alààyè ni, tó ń mú kí gbòǹgbò sóyà ṣe kókó tó ń fa nitrogen, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn, látinú afẹ́fẹ́. Oògùn àti oòrùn ń pa á. Oògùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó po inoculant lábẹ́ ìbòòji láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa gbìn. Ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà, ẹ bo ihò kíá. Ẹ má da ajílẹ̀ yúríà púpọ̀ sí i. Sóyà tó ti rí nitrogen jẹ nílẹ̀ kì í fẹ́ ṣe kókó gbòǹgbò.

Ẹ fi poro méjì sílẹ̀ láìfi inoculant sí i. Àwọn poro yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìn, kí ọwọ́ yín má baà gbé bakitéríà débẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ẹ fi ọkọ́ hú igi sóyà díẹ̀ nínú poro méjèèjì yìí àti nínú ìyókù. Tí ẹ bá fà á tu, kókó á já sílẹ̀. Ẹ gé kókó náà sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá funfun tàbí tó jọ àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́. Bí poro méjèèjì yẹn bá ní kókó pupa tó pọ̀ bíi ti ìyókù, bakitéríà ti wà nílẹ̀ yín tẹ́lẹ̀, ẹ lè fi owó inoculant ra nǹkan mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀.