Ọmọ màlúù ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé: ṣé ara rẹ̀ le?

Àwọn ìbéèrè yìí kan náà ni mò ń dáhùn nígbàkigbà tí màlúù bá ń bímọ. Mo kó wọn pọ̀ síbí, kí ẹni tó bá ń fẹ́ ìdáhùn lè tètè rí i.

Ó ti bọ́ sílẹ̀, kò sì mí dáadáa.
Ẹ nu imú àti ẹnu rẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ tọ́ ihò imú rẹ̀ kó lè sín. Ẹ gbé e dìde kó fi àyà lélẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹsẹ̀ gbé e kọ́ dorí kodò! Inú ikùn ni ọ̀pọ̀ omi tó ń dà yẹn ti ń wá, ìfun á sì tún wá tẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ń wá èémí.

Ìgbà wo ló yẹ kó dìde?
Kó gbé orí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kó fi àyà jókòó kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, kó dúró láàárín wákàtí kan sí méjì. Tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró, kò sí nǹkan kan.

Oorun ni ṣáá.
Ọmọ tuntun ni. Ìyá rẹ̀ lè fi í pamọ́ sínú koríko kó lọ jẹ. Ẹ jí i: bó bá dìde, tó na ara, tó ń wá ìyá, ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá fẹ́ dìde, tí etí rẹ̀ wálẹ̀, tí inú ẹnu rẹ̀ tutù, ẹ pe dókítà ẹran.

Ara rẹ̀ ń gbóná.
Ọwọ́ lásán kò lè sọ ìyẹn. Ẹ ki tẹmómítà bọ ihò ìdí rẹ̀, 38.5 sí 39.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dáa.

Ìdodo ńkọ́?
Ẹ rì í sínú iodine, oògùn apakòkòrò, bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀. Kó máa gbẹ ni. Bó bá wú, tó ń rùn, tàbí tí oríkèé ẹsẹ̀ wú, dókítà ni.

Ó ń mu ọmú, síbẹ̀ ó ń rọ.
Èyí ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, torí ọmọ tó le ló ń pa. Mo bá irú rẹ̀ jà rí. Abo màlúù àgbà kan bímọ, ọmọ dúró lásìkò, ó kì orí bọ abẹ́ ìyá, ìrù rẹ̀ ń mì. Gbogbo èèyàn ní ó ti ń mu. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ń ké, ikùn rẹ̀ sì ti wọnú. Mo kúnlẹ̀ wo orí ọmú: eruku ṣì wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orí ọmú tí ọmọ bá mu máa ń mọ́, á máa dán. Awọ àyà ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, lọmọ náà ń fà láti àárọ̀! Òkè ni ọmọ màlúù máa ń wá ọmú sí. Ti ìyá yìí fa sílẹ̀, ó sì nípọn ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Mo fọ ìka mi, mo ki í bọ ọmọ náà lẹ́nu; ó fà á gidigidi. Mo mọ̀ pé kò ṣàìsàn, ebi ni. Mo fọ ọmú, mo fún un, kò sí nǹkan. Mo tún fún un, ohun líle kan bí ìda já jáde, wàrà àkọ́kọ́ sì tẹ̀ lé e, ó ki, ó pupa rúsúrúsú. Mo fi ìgò oníròbà fún ọmọ náà. Lọ́jọ́ kejì ó tún padà sí àyà ìyá rẹ̀. Mo tún fún wàrà kí ọmú lè rọ̀, mo sì ń darí ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Wàrà àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ àìsàn. Ìfun rẹ̀ kì í lè gba ààbò náà mọ́ lẹ́yìn wákàtí 24, wákàtí 6 àkọ́kọ́ ló sì dáa jù. Ọmọ tó wọn kílò 35 nílò nǹkan bíi lítà 3.5. Nítorí náà, ẹ má wo ìrù tó ń mì, orí ọmú ni kí ẹ wò.

Mo ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò fà á.
Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, pàápàá bí ìbímọ bá pẹ́ tàbí tí ahọ́n rẹ̀ wú. Ẹ má da wàrà sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń fi rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Kí dókítà tó dé, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, ẹ jẹ́ kó móoru, kí ẹ sì mọ wákàtí tí wọ́n bí i àti ohun tí tẹmómítà sọ. Ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn.