Ẹ má tíì gbẹ́lẹ̀ o! Àwọn àṣìṣe tó ń gba owó EQIP mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ owó EQIP yìí ti ń dùn mí ọjọ́ ti pẹ́, torí mo ń rí àwọn tó tọ́ sí tí wọ́n ń pàdánù ẹ̀, kì í ṣe pé oko wọn ò dáa, kì í sì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ, ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣe ìkejì ni wọ́n kàn fi ń ṣe àkọ́kọ́.

Fún ẹni tí ò bá tíì gbọ́ ọ rí, EQIP ni owó tí ìjọba àpapọ̀ ń san fún àgbẹ̀ tó bá fẹ́ tún oko ẹ̀ ṣe lọ́nà tó máa dáàbò bo ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́. Òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ọdún 1996 ló dá a sílẹ̀, àwọn NRCS, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí sí ìdáàbòbò ilẹ̀ àti omi lábẹ́ USDA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, ló ń bójú tó o. Kì í ṣe lóòónù, ẹ ò ní dá a padà tẹ́ ẹ bá ṣe ohun tẹ́ ẹ ní ẹ máa ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ọ̀fẹ́ náà, ẹ̀yin lẹ máa ṣe iṣẹ́, àwọn á wá san apá kan nínú ìnáwó ẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì: kéèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ mọra, màlúù díẹ̀ ni wọ́n ń sìn, wọ́n fẹ́ ṣe fẹ́ǹsì sí etí odò kékeré kan kí àwọn màlúù yéé wọnú omi lọ máa su síbẹ̀. Wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, ọmọbìnrin kan wá láti ọ́fíìsì wá wo ilẹ̀, ó rin etí odò yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó ní iṣẹ́ yìí dáa gan-an. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ "ó dáa", wọ́n rò pé owó ti jáde nìyẹn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n dín owó wáyà kù níbi tí wọ́n ti ń rajà, ni wọ́n bá kó o wálé, wọ́n pe ọmọkùnrin méjì, wọ́n ri òpó. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn máa fi padà wá, òpó mọ́kànlélógún ti wà nílẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ìdí wọn ṣì tutù. Ó dúró, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá rọra pa fáìlì ọwọ́ ẹ̀ dé. Inú òun náà ò dùn, ojú ẹ̀ fi hàn. Gbogbo ibi tí òpó yẹn dé, kọ́bọ̀ kan ò wọlé lórí ẹ̀.

Ìwà ìkà kọ́ o. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí iṣẹ́ kankan, wọ́n ní láti yẹ ilẹ̀ yẹn wò ná, bóyá ẹranko tàbí ewéko tí òfin ń dáàbò bò wà níbẹ̀, bóyá ibojì àtijọ́ tàbí àwókù àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí wà nísàlẹ̀, bóyá àbàtà ni. Tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́ ẹ, kí ni wọ́n tún fẹ́ yẹ̀ wò? Tí nǹkan kan bá ń lé yín gidi tí ẹ ò lè dúró, ìwé wà tẹ́ ẹ lè kọ pé kí wọ́n gbà yín láyè láti tètè bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí èsì sì dé lákọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ká a. Kódà ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ rà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè.

Ìkejì, àwọn kan á kọjá lọ sọ́dọ̀ NRCS tààrà láìtíì yà lọ́dọ̀ FSA. FSA, ẹ̀ka USDA míì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀, ló ń fún oko ní nọ́ńbà, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń to ìwé tó fi hàn pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́. Fọ́ọ̀mù CPA-1200 tẹ́ ẹ kọ ní NRCS, ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. AD-1026 wà, èyí tẹ́ ẹ máa fi ṣe ìlérí pé ẹ ò ní ba ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá tètè ń wọ́ lọ jẹ́, ẹ ò sì ní sọ àbàtà di oko, CCC-941 náà wà fún ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé fún yín, torí ẹni tí ìpíndọ́gba owó ẹ̀ bá ti kọjá $900,000 lọ́dún lè má rí i gbà. Àwa tá a lórúkọ mẹ́ta mẹ́rin yìí, ibí gan-an ni wàhálà wa wà. Orúkọ kan lórí ìwé ilẹ̀, òmíràn lórí táàsì, orúkọ kọ́ńpìnnì lórí àkáǹtì báńkì, ẹ wá fi èyí táwọn ará ilé ń pè yín kọ fọ́ọ̀mù. Fáìlì yẹn á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ẹ mú orúkọ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fi kọ gbogbo ẹ̀, tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ló ni oko, kọ́ńpìnnì ni kó tọrọ owó.

Ẹ má sì jókòó máa retí ọjọ́ tí wọ́n máa "ṣí i". Gbogbo ọdún ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní gbèdéke tiẹ̀, fáìlì tó bá ti pé kó tó dọjọ́ yẹn ni wọ́n máa fi wéra wọn. Ẹni tó gbé tiẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn tí nọ́ńbà oko ò tíì sí nínú ẹ̀, ó ti di ìgbà míì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Èèyàn á wọ ọ́fíìsì, á ní "mo fẹ́ high tunnel", ìyẹn ilé ọ̀rá tá a fi ń gbin nǹkan nígbà òtútù. Òmíràn á ní tirakitọ̀ lòun fẹ́, EQIP kì í sábà ra tirakitọ̀ o! Àwọn NRCS kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ohun tó ń ṣe ilẹ̀ yín ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀. Ṣé ọ̀gbàrá ń gbá ilẹ̀ lọ ni? Ṣé ìgbẹ́ ẹran ń ṣàn wọ odò? Ṣé omi tẹ́ ẹ fi ń bomi rin oko ń ṣòfò? Ìdáhùn yẹn ni wọ́n fi ń gbé máàkì, máàkì ló sì ń sọ ẹni tí owó máa kàn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ẹ wọ bàtà òjò, ẹ mú fóònù, ẹ lọ dúró síbi tí omi ti ń jáde nínú oko. Ẹ ya àwọ̀ omi yẹn bó ṣe pọ́n, ẹ ya ibi tí ilẹ̀ ti la, ẹ fi ọwọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n lè rí bó ṣe jìn tó. Tí òṣìṣẹ́ bá wá lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ, fọ́tò yẹn ló máa bá yín sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ má parọ́ ìṣòro tí ò sí, wọ́n máa fẹsẹ̀ rin ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an wá ńkọ́? Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé owó á kọ́kọ́ wọ àkáǹtì. Rárá o, ẹ máa ṣe iṣẹ́ parí, wọ́n á wá wọ̀n ọ́n, tó bá bá ìlànà mu ni wọ́n tó máa san. Ẹni tí ò níbi tó ti máa rí owó ná sílẹ̀ lè fọwọ́ síwèé kó wá há sáàárín. Ohun tí wọ́n máa ń san lè tó 75% ìnáwó, ó sì lè dé 90% fún àgbẹ̀ tuntun, ìyẹn ẹni tí ò tíì dáko ju ọdún 10 lọ, fún àgbẹ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́nu àti fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí. Àwọn wọ̀nyí tún lè gba ó kéré tán 50% ṣáájú iṣẹ́, tí wọ́n bá ti ná an láàárín ọjọ́ 90. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ẹ wà lára wọn, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù. Mo mọ àgbẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta tó fo ibẹ̀ yẹn kọjá torí ó rò pé kò kan òun. Ó sì lọ yáwó láti parí iṣẹ́!

Kí ẹ tún mọ̀ pé kì í ṣe rìsíìtì yín ni wọ́n fi ń ṣírò. Iye kan wà tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, bíi ẹsẹ̀ bàtà fẹ́ǹsì kan, tẹ́ ẹ bá ra èyí tó wọ́n jù, àfikún ẹ̀ dọwọ́ yín. Ẹ ṣì tọ́jú rìsíìtì o, ẹ yà á sí fóònù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á, torí yíǹkì orí ẹ̀ máa ń pòórá tó bá pẹ́ nínú ọkọ̀. Tó bá dìgbà táàsì, ìwé 1099-G á dé, ìjọba ka owó yìí mọ́ owó tó wọlé fún yín, ẹ mú un lọ fún ẹni tó ń bá yín ṣe táàsì.

Lẹ́yìn tí àdéhùn bá jáde, ẹ má dá ohunkóhun yí padà láìpè wọ́n. High tunnel gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe tó sì wá ní pípé, inú ilẹ̀ gidi lẹ máa gbin nǹkan sí, kì í ṣe ibi ìkẹ́rù, kì í ṣe ilé adìyẹ. Fẹ́ǹsì, ọdún 20 ni wọ́n retí pé kẹ́ ẹ fi máa tọ́jú ẹ̀. Ó kéré tán iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́. Wọ́n lè ní kí ẹni tó bá já àdéhùn dá owó padà, pẹ̀lú ìtanràn lórí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá háyà ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìwé háyà yín gùn tó àdéhùn yẹn, tó bá sì jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa rì mọ́lẹ̀, ẹ lọ gba ìfọwọ́sí onílẹ̀ ṣáájú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ fa omi àbàtà kankan gbẹ láìbéèrè, ìyẹn nìkan lè gba owó USDA míì tẹ́ ẹ ń rí gbà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa "bá yín gba owó náà". Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù, ọ̀fẹ́ ni kí òṣìṣẹ́ wá wo oko, orí farmers.gov lẹ ti máa rí ọ́fíìsì tó sún mọ́ yín. Tí wọn ò bá sì mú yín lọ́dún yìí, ẹ má bínú fa ìwé ya, ẹ ní kí wọ́n gbé e sí ọdún tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n ibi tí máàkì yín ti já wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà padà lọ. Apá kejì odò yẹn ni wọ́n kọ fọ́ọ̀mù lé lórí, wọ́n sì dúró ní gbogbo ìgbà òtútù, àwọn màlúù ń wọ omi, inú ń bí wọn, wọn ò gbẹ́ ihò kan. Ìgbà tí ìwé dé pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé tiwọn àti ti ìjọba lórí ẹ̀ ni wọ́n tó pe àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn pé kí wọ́n máa bọ̀.