Iwájú Orí, Àtàrí, Ẹ̀bátí, Ìpàkọ́: Iṣẹ́ Tí Èèpo Ọpọlọ Ń Ṣe
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti agboolé

Bí ẹnìkan bá já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tàbí tí ọ̀kadà gbé e ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ni ará ilé kọ́kọ́ máa ń wò. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá jáde, wọn á ní orí kó o yọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún máa wo èyí: kí ni ẹni náà ń ṣe lánàá tí kò lè ṣe mọ́ lónìí? Ìyẹn ló ń tọ́ka sí ibi tí ọpọlọ ti fara pa.

Ọpọlọ ní èèpo. Kò nípọn ju milimítà 2 sí 4 lọ, ó sì ká kó jọ nínú agbárí. Bí ó bá ṣeé tẹ́ sílẹ̀, yóò fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ níbùú àti lóròó.

Apá kọ̀ọ̀kan èèpo yìí ló ní iṣẹ́ tirẹ̀; ibi tó wà nínú orí ni a fi ń pè é níbí. Ìpàkọ́ ló ni ìríran. Ẹni tó fi ìpàkọ́ gbalẹ̀ lè máà ríran dáadáa mọ́, kí ẹyinjú rẹ̀ sì wà láìlábùkù. Ẹ̀bátí ló ni ìgbọ́ràn, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìrántí.

Ọ̀dọ̀ àtàrí ni a ti ń mọ̀ pé nǹkan fara kàn wá, àti ibi tí ọwọ́ wa wà láìwò ó. Bí apá ọ̀tún ibẹ̀ bá bàjẹ́, aláìsàn lè gbàgbé gbogbo ohun tó wà lósì. Á jẹ ẹ̀bà ọwọ́ ọ̀tún àwo, á fi ti òsì sílẹ̀, á ní òun ti jẹun tán. Ẹ má bá a wí. Ẹ yí àwo náà padà fún un.

Iwájú orí ni sùúrù, ètò àti ìkóra-ẹni-níjàánu wà. Bàbá oníwà pẹ̀lẹ́ tó fi orí gbá, tó wá di oníbìínú tàbí ẹni tí kò nítìjú mọ́, àsàsí ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ó ń dùn wá pé wọ́n ń gbé irú wọn káàkiri fún oṣù mélòó kan kí dókítà tó wo orí wọn.

Lẹ́yìn iwájú orí, níbi tó ti kan ti àtàrí, ni ibi tó ń darí ara wà. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ òsì. Ibi tó ń darí ẹnu àti ti ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń wọ́, tí apá sì ń rọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú àrùn rọpárọsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísọ ńkọ́? Lọ́dún 1861, ní Paris, dókítà Paul Broca yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan tó ti kú wò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, “tan” nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ṣáá, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Iwájú ọpọlọ lápá òsì ló ti bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ má pín ilẹ̀ aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀. Ó lè máa gbọ́ yín.

Bí ẹnu bá wọ́, tí apá rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu lójijì, ẹ má fún un ní omi, ẹ̀kọ tàbí àgbo, torí ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá. Kí ẹ tó jáde, ẹ wo aago, kí ẹ sì kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀: oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ, wákàtí 4 àti ààbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò ó.